ALEXANDER GRAHAM BELL (1847–1922): ẸNI TÍ Ó GBÉ Ẹ̀RỌ ASỌ̀RỌ̀GBÈSÌ KALẸ̀

Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìwó Road ní ìlú Ìbàdàn ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, níbi tí ọkọ̀ Ìwó, ọkọ̀ Ifẹ̀ àti ọkọ̀ Èkó ti ń pàdé, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbé fóònù sí etí. Awakọ̀ ń bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, oníṣòwò ń bèèrè ibi tí ẹrù rẹ̀ dé, ìyá sì ń pàṣẹ fún ọmọ tí ó fi sílé pé kí ó gbé omi kaná. Bí a bá ti ibẹ̀ gba ọ̀nà Agodi, a ó dé àdúgbò tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn wà, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ẹni tí kò bá tí ì wọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rí lè rò pé ẹni tí ó ń ka ìròyìn nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ń darí ètò máa ń jókòó sí, tí ó ń wo àwòrán tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ń gbé wá. Àwọn tí wọ́n di kámẹ́rà mú kò rí i, òun náà kò sì lè pariwo pè wọ́n, nítorí pé ariwo náà yóò bá ìròyìn dé ilé olúkúlùkù. Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi kọ́rí, tí ó bo etí, tí ó sì ní agbóhùn kékeré níwájú ẹnu. Íńtákọ̀mù ni a ń pè é. Tẹ́lẹ̀ rí, wáyà ni ó máa ń so ó pọ̀. Lóde òní, èyí tí kò ní wáyà náà wà. Ohun tí ó fi yàtọ̀ sí tẹlifóònù ìgboro ni pé kì í ṣe gbogbo ayé ni ó wà fún. Àárín àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni ó mọ. Bí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ni wọn yóò gbọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn ni ó sì lè dá a lóhùn. Ẹnì kan tún wà nínú yàrá tí a ti ń ka ìròyìn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ni ó fi ń sọ ohun tí ó bá gbọ́ létí: yóò na ìka, yóò yí ọwọ́ po, òǹkàwé ìròyìn yóò sì mọ̀ pé àsìkò ń lọ. Kí á fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn án.

Nígbà tí Rediffusion dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, wáyà ni wọ́n fi fa ohùn wọ ilé àwọn tí ó bá sanwó. Àpótí náà a máa sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bi í ní ìbéèrè. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu. Àmọ́ kí asọ̀rọ̀mágbèsì tó dé rárá ni asọ̀rọ̀gbèsì ti wà láyé. Láti yàrá kan sí yàrá kejì nínú ilé kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Alexander Graham Bell, tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ yìí.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland ni wọ́n bí Bell sí ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1847. Òun ni ó jẹ́ ìkejì nínú ọmọkùnrin mẹ́ta tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Alexander ni bàbá bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Alexander ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, òun náà sì tún ń jẹ́ Alexander. Ìgbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n tó fi Graham kún un.

Bí ìlù lílù ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún àwọn ọmọ Àyàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ ìdílé fún àwọn Bell. Bàbá àgbà ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń pe ọ̀rọ̀ kí ó já gaara. Bàbá, Alexander Melville Bell, jogún iṣẹ́ náà, ó sì fi ohun kan kún un tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè mọ̀. Ó hùmọ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé kan tí ó pè ní Visible Speech, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1867. Àmì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń fi ibi tí ahọ́n, ètè àti ọ̀nà ọ̀fun wà hàn nígbà tí a bá ń pe ìró kan. Bàbá àti ọmọ a máa gbé e lọ síwájú àwùjọ. Wọn a ní kí ọmọ bọ́ síta. Ẹnikẹ́ni nínú àwùjọ a pe ọ̀rọ̀ èdè tí ó bá wù ú, tàbí kí ó húkọ́, bàbá a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá wọlé, yóò ka ìró náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pè é, bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ nípa bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá ń jà rànìn láàárín Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875. Nígbà tí àwọn tiwa ń wá lẹ́tà tí yóò gbé ohùn Yorùbá, àwọn Bell ń wá àmì tí yóò gbé ohùn gbogbo ayé.

Ìyá rẹ̀, Eliza, kò gbọ́ràn dáadáa. Àwọn mìíràn a máa pariwo sí i, ṣùgbọ́n Bell rí i pé bí òun bá rẹ ohùn òun sílẹ̀, tí òun sì gbé ẹnu sún mọ́ iwájú orí rẹ̀, ìyá òun a gbọ́. Ó tún kọ́ bí a ti ń fi ìka sọ̀rọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí àlejò bá wà nílé, yóò jókòó ti ìyá rẹ̀, yóò máa fi ìka sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Ọwọ́ ọmọ yìí ti sọ̀rọ̀ fún adití kí ó tó di pé ó mọ ohunkóhun nípa wáyà.

Ìrìnàjò sí Òkè Òkun

Ayé kò dúró bí wọ́n ṣe rò. Ní ọdún 1867, ikọ́ ife pa Edward, àbúrò rẹ̀. Ní ọdún 1870, ikọ́ kan náà pa Melville, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́ta, ó wá ku ẹyọ kan, ara òun náà kò sì le. Àwọn òbí rẹ̀ kò dúró kí ikú tún padà wá. Ní ọdún 1870 náà, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n gbé ọmọ tí ó kù lọ sí ilẹ̀ Kánádà, wọ́n sì tẹ̀dó sí ẹ̀bá ìlú Brantford, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tura.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni àwọn Mohawk ń gbé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Bell tọ̀ wọ́n lọ, ó kọ́ èdè wọn, ó sì fi àmì bàbá rẹ̀ kọ àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè náà sílẹ̀. Inú wọn dùn sí i tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi í jẹ oyè láàárín wọn. Èyí fi hàn pé Bell kì í ṣe ẹni tí ń fojú tín-ín-rín èdè ẹlòmíràn. Òun gan-an ni ó mú kí ohun tí ó ṣe nígbẹ̀yìn ya ni lẹ́nu.

Ní ọdún 1871, ó lọ sí ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ adití bí a ti ń lo Visible Speech. Ní ọdún 1873, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Boston. Iṣẹ́ adití ni ó ń ṣe lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú tán, wáyà àti bátìrì ni ó kù tí ó ń bá ṣeré.

Bí Tẹlifóònù Ṣe Dé Ayé

Ní ìgbà náà, tẹlifóònù kò tí ì sí. Tẹligíráàmù ni ó wà. Wáyà kan kì í lè gbé ju ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn mú kí wáyà kan gbé púpọ̀. Bell rò ó pé bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní ohùn tirẹ̀, wọn kò ní dàrú mọ́ ara wọn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ dùndún rí kò ní jiyàn èyí: ìyáàlù ń dún, omele ń dún, gbogbo rẹ̀ jọ ń wọ etí kan náà, síbẹ̀ etí mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìyáàlù. Bàbá méjì tí Bell ń kọ́ ọmọ wọn tí ó jẹ́ adití, Thomas Sanders àti Gardiner Hubbard, ni wọ́n ń ná owó sí iṣẹ́ yìí.

Ní ọdún 1874, dókítà kan fún un ní etí òkú ènìyàn láti fi ṣe ìwádìí. Bell rí i pé awọ inú etí fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mi egungun tí ó wúwo jù ú lọ. Ó wá bi ara rẹ̀ pé bí awọ tín-ín-rín bá lè mi egungun, kí ni kò ní jẹ́ kí awọ tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ mi irin? Bí irin bá sì ń mì níwájú òòfà, iná inú wáyà yóò máa lọ sókè sódò gẹ́gẹ́ bí ohùn ti ń lọ sókè sódò. Orí etí òkú ni ó ti rí ọ̀nà tí alààyè yóò máa gbà gbọ́ràn láti òkèèrè.

Bell mọ ìró, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dá ṣáṣá nínú iṣẹ́ irin. Ẹni tí ó bá a ṣe èyí ni Thomas Watson, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Boston. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1875, wọ́n wà ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà sì so yàrá méjèèjì pọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan há lọ́dọ̀ Watson, ó fi ìka ta á kí ó lè jàjà bọ́. Bell tí ó wà ní yàrá kejì gbọ́ ọ, kì í ṣe pé irin rẹ̀ kàn mì lásán, ó gbọ́ bí ìró náà ti rí gan-an. Ó sáré wá bi Watson ohun tí ó ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ̀ pé ohùn ènìyàn lè gba inú wáyà.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1876, agbẹjọ́rò rẹ̀ gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Washington kí wọ́n lè fún un ní ìwé àṣẹ oníhùmọ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni Elisha Gray fi ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ lórí ohun tí ó jọ ti Bell. Wọ́n fún Bell ní ìwé àṣẹ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta. Ní ọjọ́ kẹta sí i, ìyẹn ọjọ́ 10, nínú ilé kan ní Boston, Bell sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ó ní kí Watson máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun fẹ́ rí i. Watson gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní yàrá kejì, ó sì wá. Bí ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́ kò le púpọ̀: ohùn Bell mi awọ kan, awọ náà mi wáyà kékeré kan tí ó tẹ̀ bọ inú omi tí a bu ásíìdì sí, iná mànàmáná tí ń gba inú omi náà kọjá sì ń pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù bí wáyà náà ti ń wọlẹ̀ tí ó sì ń yọ sókè.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ìlú sí ìlú ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń darí iṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń bá a ṣe é ni, nínú ilé kan náà, ó sì jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ó wà ní ọwọ́ wọn. Kí a tó pè é ní tẹlifóònù, íńtákọ̀mù ni. Kódà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹlifóònù háyà fún àwọn ènìyàn ní ọdún 1877, méjì-méjì ni wọ́n ń fún wọn, kí ọ̀kan wà ní ilé, kí èkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí wáyà kan ṣoṣo sì so wọ́n pọ̀. Oṣù kìíní ọdún 1878 ni wọ́n tó ṣí ibi ìpàrọ̀ tẹlifóònù àkọ́kọ́ tí ó wà fún gbogbo ènìyàn ní ìlú New Haven, tí ẹnì kan fi lè bá ẹlòmíràn tí wáyà kò so mọ́ ọn tààrà sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1876, Bell gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní Philadelphia, níbi tí Pedro Kejì, ọba ilẹ̀ Brazil, ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, tí ẹnu sì yà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1878, ó fi í han Ọbabìnrin Victoria ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ibi tí oyin bá wà ni eèrà ń lọ. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ni wọ́n pè lórí ẹni tí ó ni tẹlifóònù. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Bell láre ní ọdún 1888. Síbẹ̀, ní ọdún 2002, ilé aṣòfin kékeré ilẹ̀ náà fi ìmọ̀ ṣọ̀kan láti yẹ́ Antonio Meucci sí, ará Ítálì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí Bell tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kò lè gbà lọ́wọ́ Bell ni pé òun ni ó gba ìwé àṣẹ, òun ni ó sì gbé e jáde tí ayé fi ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ Láìsí Wáyà

Bell kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1880, òun àti Charles Sumner Tainter ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní photophone. Ohùn a máa mi dígí, dígí a ju ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ́nà jíjìn, ìmọ́lẹ̀ náà a sì máa gbọ̀n bí ohùn ti ń gbọ̀n. Ní òdì kejì, ohun kan tí wọ́n ń pè ní sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù a sọ ìmọ́lẹ̀ náà di iná mànàmáná, tí etí yóò fi tún gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 1880, Tainter dúró sórí òrùlé ilé ìwé kan ní Washington, ó sọ̀rọ̀ sínú ìmọ́lẹ̀, Bell sì gbọ́ ọ ní ojú fèrèsé rẹ̀ ní nǹkan bí mítà 213 síbẹ̀. Kò sí wáyà kankan láàárín wọn.

Kùrukùru àti òjò ni wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà lọ jìnnà nígbà náà. Rédíò ni ó padà wá gba ọ̀nà ojú òfurufú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí oníkámẹ́rà lóde òní tí ó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìgbànú, tí ó ń rìn káàkiri pápá, tí ó sì ń gbọ́ àṣẹ láìsí okùn kankan lẹ́yìn rẹ̀, kí ó mọ̀ pé láti ọdún 1880 ni ènìyàn méjì ti jọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láṣeyọrí.

Ìgbéyàwó Rẹ̀

Nínú àwọn tí Bell kọ́ ní Boston ni Mabel Hubbard wà, ọmọ Gardiner Hubbard tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ibà líle kan ni ó di í létí pa nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń wo ẹnu ènìyàn kí a sì mọ ohun tí ó ń sọ. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 1877. Bell kó gbogbo ìpín tí ó ní nínú ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tuntun fún ìyàwó rẹ̀. Mẹ́wàá péré ni ó fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú 1,497. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Elsie àti Marian. Ọmọkùnrin méjì tí wọ́n tún bí, ọ̀kan ní ọdún 1881, èkejì ní ọdún 1883, kò gbé ọwọ́ ìyá wọn.

Ó tọ́ kí á rò ó wò: obìnrin tí ó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín ọkọ rẹ̀ kò lè fi ẹ̀rọ náà gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láé.

Bell àti Èdè Àwọn Adití

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni a dé yìí. Bí ẹ bá bi Bell léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kì í dáhùn pé òun ni ó ṣe tẹlifóònù. Olùkọ́ adití ni ó máa ń pe ara rẹ̀. Ó ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Òun ni àwọn òbí Helen Keller, ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, tọ̀ lọ fún ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì ni ó gbà wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n rán Anne Sullivan sí wọn ní ọdún 1887. Nígbà tí Keller kọ ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1903, Bell ni ó fi ìwé náà júbà.

Síbẹ̀, Bell gbà pé ẹnu nìkan ni ó yẹ kí adití fi sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa wo ẹnu ènìyàn, kí wọ́n sì máa fi ahọ́n wọn pe ìró tí etí wọn kò gbọ́. Àwọn adití ní èdè tiwọn, èdè ọwọ́, tí ó ní gírámà, tí ó ní àwàdà, tí ó ní ìtàn. Bell mọ èdè náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n máa fi í kọ́ ọmọ. Ní ọdún 1880, ìpàdé àgbáyé àwọn olùkọ́ adití ní ìlú Milan pinnu pé ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn, kí ọwọ́ dákẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1883, Bell fúnra rẹ̀ ka ìwé kan síwájú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí adití bá ń fẹ́ adití, ẹ̀yà adití yóò dìde láàárín ènìyàn. Kò ní kí wọ́n ṣòfin pé adití kò gbọdọ̀ fẹ́ adití, nítorí ó rí i pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí ó dámọ̀ràn ni pé kí wọ́n má kó àwọn ọmọ adití jọ sí ilé ìwé kan náà mọ́, kí wọ́n má fi èdè ọwọ́ kọ́ wọn, kí wọ́n má sì gba adití ṣe olùkọ́ wọn.

Nítorí èyí, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń lu ọmọ adití lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n de ọwọ́ náà nítorí pé ó fi sọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n jẹ́ adití pàdánù iṣẹ́ wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ni ó mọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ, tàbí tí wọ́n ti ń na án, nítorí pé ó sọ Yorùbá. Ẹni tí ó ń na ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í rò pé òun ń ṣe ibi. Ire ọmọ ni ó rò pé òun ń wá. Bákan náà ni Bell. Ó fẹ́ràn àwọn adití, àní ìyá rẹ̀ àti aya rẹ̀ wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kò fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nípa ara wọn. Ẹni tí ó fún ayé ní asọ̀rọ̀gbèsì di asọ̀rọ̀mágbèsì níwájú àwọn adití.

Àwọn adití kò gbàgbé. Ní ọdún 2010, ìpàdé àgbáyé kan náà tí ó jókòó ní Milan tún jókòó ní Vancouver ní Kánádà, ó kọ ìpinnu ọdún 1880 náà sílẹ̀, ó sì kẹ́dùn fún ohun tí ó ti fà.

Bí Ọ̀rọ̀ Ọwọ́ Ṣe Dé Ìbàdàn

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 1957, ọkùnrin adúláwọ̀ kan láti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Andrew Foster gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gánà. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ó wà tí àìsàn fi di í létí. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní ọdún 1954. Ní ọdún 1960, ó dé Nàìjíríà, ó sì dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kaduna. Ohun tí Bell ní kí wọ́n mú kúrò ni Foster kó wá fún wa: adití tí ó jẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ adití tí wọ́n wà pa pọ̀, àti ọwọ́ tí ń sọ̀rọ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa á ní Rwanda ní oṣù kejìlá ọdún 1987, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń fi ọwọ́ jiyàn ní ìgboro Ìbàdàn ti rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn Ayé Rẹ̀ àti Ikú Rẹ̀

Bell di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1882, ṣùgbọ́n Baddeck ní Nova Scotia, ilẹ̀ Kánádà, ni ó kọ́ ilé tí ó fẹ́ràn jù sí. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, tí ọ̀kan tí wọ́n pè ní Silver Dart fi fò ní oṣù kejì ọdún 1909. Tẹlifóònù ń dún kárí ayé, àmọ́ kò gbà kí wọ́n fi ọ̀kan sí yàrá tí ó ti ń ronú. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1915, nígbà tí wọ́n ṣí wáyà tí ó la ilẹ̀ Amẹ́ríkà já láti òkun dé òkun, Bell jókòó ní New York, Watson jókòó ní San Francisco, Bell sì tún pè é pé kí ó máa bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti pè é ní ọdún 1876. Watson dáhùn pé lọ́tẹ̀ yìí, yóò gba òun ní ọ̀sẹ̀ kan kí òun tó dé.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1922, àtọ̀gbẹ tí ó ti ń bá a jà pa á ní Baddeck. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé Mabel jókòó tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má fi òun sílẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìka rẹ̀ ni ó fi dá a lóhùn ní ọwọ́ rẹ̀, pé rárá, òun kò ní lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, bí wọ́n ti ń sin ín, wọ́n pa gbogbo tẹlifóònù ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà lẹ́nu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Mabel náà fi tẹ̀lé e.

Ìkádìí

Kò yẹ kí á fi àléébù Bell bo iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí á fi iṣẹ́ rẹ̀ bo àléébù rẹ̀. Ó kọ́ wa pé àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lè gbọ́ ara wọn yé bí ògiri tilẹ̀ dá wọn méjì. Ó tún kọ́ wa, láìmọ̀, pé ohun tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ kò ní ìwúlò bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò bá ní àǹfààní láti fèsì ní èdè tirẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀, ohùn gba inú íńtákọ̀mù wá sí etí, ó sì ti etí bọ́ sí ọwọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé ìròyìn. Ẹnu kò bá ọwọ́ jà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ni wọ́n jọ ń ṣe.

Àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè Yorùbá ni ó kàn jù. Bí a bá ń jà kí ilé ìwé, ilé ẹjọ́ àti ẹ̀rọ ìgbàlódé máa gbọ́ Yorùbá, ẹ má ṣe jẹ́ kí á gbàgbé ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Òun náà ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ó sì ń retí èsì.